Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Sọ sí Ilé Wa Lọ́jọ́ Ìkádìí Káǹpù

Alàgbà Dáníẹ́lì ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ Ìsinmi tí a fi kádìí káǹpù àwọn ọmọdé ìjọ wa ní Iléṣà ni ó ṣẹlẹ̀, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn tí a ti kọ orin ìdúpẹ́ tán, tí a kò sì tíì gba ọrẹ. Àsìkò náà dá mi lójú nítorí pé igbá ọrẹ wà lọ́wọ́ bàbá mi. Àwọn ni ìjọ yàn láti gbé e káàkiri lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dúró ní àárín ilé ìjọsìn pẹ̀lú igbá òfìfo, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú ni tàbí kí wọ́n padà sẹ́yìn, nígbà tí Alàgbà Dáníẹ́lì, tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ́dà Dáníẹ́lì nígbà náà, fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ọ̀rọ̀ kan sí ilé wa. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. N óò kọ ọ́ sílẹ̀ bí a bá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ilé tí a sọ ọ́ sí hàn yín, nítorí adájọ́ tí kò bá mọ ilé kò lè mọ ẹni tí ó jàre. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bíbélì ìyá bàbá mi, tí mo máa ń kà sí wọn létí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gún jù fún aránṣọ lásán, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa, oní yàrá mẹ́fà, a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ àgbàlá rẹ̀ nítorí kòkó tí bàbá mi ń kó bọ̀ láti abúlé. Ohun tí etí mi kọ́kọ́ ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni ikọ́ Ìyá Àgbà, orúkọ tí gbogbo wa ń pe ìyá bàbá mi. Lẹ́yìn ikọ́ ni orin, lẹ́yìn orin ni ìgbálẹ̀. Bí orin bá ṣáájú ikọ́, a mọ̀ pé ara wọn le. Bí ìgbálẹ̀ bá ṣáájú orin, kí oníkálukú yáa tètè dìde kí ìgbálẹ̀ má bàa kọjá ilẹ̀ dé ẹ̀yìn ẹni. Ní ìrọ̀lẹ́, odó ni. Ìjẹ̀ṣà kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré; bí odó ilé wa bá dákẹ́, ti ilé kejì yóò gbà á, ti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tún gbà á, títí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yóò fi máa ta sánsán láti ojú fèrèsé gbogbo. Èmi ni mo ń bẹ iṣu náà. Èmi ni mo ń bó ẹ̀gúsí. Ẹsẹ̀ mi òsì ti rọ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjì: ibà kan ni ó mú mi, nígbà tí ibà náà sì ń lọ, ó kó agbára ẹsẹ̀ náà dání. Ọ̀pá igi gúáfà ni mo fi ń rìn. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, n kò mọ̀ pé ohun tí ó ṣe mí jẹ́ ohun tí ènìyàn lè fi jókòó. Ìyá Àgbà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ káàánú mi lójú wọn: "Ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́?" Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ kan tí a gbọ́ títí ó fi sú wa: "Ẹni tí a kò bá rán níṣẹ́ nínú ilé, àlejò ni." Ìjẹ̀ṣà gidi ni wọ́n ń sọ o, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ni, adùn rẹ̀ sì ti dín kù.

Iṣẹ́ tí ó jẹ́ tèmi pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi dù, ni ṣíṣọ́ kòkó. Bí wọ́n bá sá kòkó sí àgbàlá, èmi ni mo jókòó tì í láti òwúrọ̀, tí mo ń fi pákó ọlọ́wọ́ gígùn tú u kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀, tí mo ń wo ewúrẹ́, tí mo sì ń wo ojú ọ̀run. Bí ìkùukùu bá ṣú, èmi ni mo ń pariwo, "Òjò o!", gbogbo ilé a sì tú jáde, ìyá mi pẹ̀lú ọwọ́ ata, àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi láti ibi bọ́ọ̀lù, a ó sì fa ọ̀rá ńlá bò ó, èmi ni mo ń jókòó lé etí rẹ̀ kan kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣí i. Lọ́jọ́ kan, mo sùn lọ. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọlé, ó sì tú kòkó náà ká. Ìyá Àgbà nà mí. Pàṣán mẹ́ta, wọn kò sì fi ọwọ́ rọ̀ ọ́. Ìyá tí ó ni ewúrẹ́ náà sáré dé, wọ́n káwọ́ lérí. "Ìyá, ẹ ò wo ti Ọlọ́run mọ́ ọmọ yìí lára? Ẹ ò rí i pé arọ ni?" Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ yíjú sí wọn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ, ojú rẹ̀ kò rọ. Mo ní kó wo ewúrẹ́ yín, mi ò ní kó sáré lé e." Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Àgbà ti dé sí mi báyìí, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Nǹkan ńlá ni káǹpù lójú àwa ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni, nínú ọlidé gígùn, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ. Wọn a kó àga kíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọmọ a sì tẹ́ ẹní sílẹ̀. Wọ́n máa ń pín àwọn ọmọ sí ẹ̀yà méjìlá bí ti Ísírẹ́lì, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: Júdà ń kọrin, Léfì ń lu agogo, Áṣérì ń dáná, Sébúlúnì ń pọn omi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ti lọ lọ́dún tí ó ṣáájú, odindi ọdún kan ni ó sì fi ń sọ fún wa pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, pé ọmọ Júdà ni òun. Mo fẹ́ ní ẹ̀yà tèmi. N kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà mú mi lọ bá Bùrọ́dà Dáníẹ́lì, tí ó jẹ́ olórí káǹpù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ga, tí fèrè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo bí olùkọ́ eré ìje. "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá," ni wọ́n wí, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Àkànní ló ń yọ mí lẹ́nu," ni Ìyá Àgbà dáhùn, nítorí oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. "Ó lóun fẹ́ wá sí káǹpù." "Háà, Ìyá! A ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀!" "Ọwọ́ nìkan ti tó, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ kò pọ̀ nílé tiwa." Bùrọ́dà Dáníẹ́lì kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà tọ́ka sí mi. "Ẹ fún un níṣẹ́. Iṣu bíbẹ, ẹ̀gúsí bíbó, ohun tó bá ṣáà wà. Bí ẹ ò bá fún un níṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ sinmi." "A ti gbọ́ mà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ìjọ kan ń bẹ tí ì bá ti lé mi láti ẹnu ọ̀nà, mo mọ̀. Tiwa kò lé mi. Ẹ̀bi wọn kò sí níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, wọ́n pe orúkọ. Rúbẹ́nì, Síméónì, Léfì, Júdà, wọ́n ń pè wọ́n bọ̀ láti orí dé ìdí, àwọn ọmọ sì ń sáré lọ tò. Mo ń retí Áṣérì, nítorí mo mọ̀ pé n óò wúlò fún wọn ní ìdí iṣu. Wọ́n pe Bẹ́ńjámínì tán, n kò gbọ́ orúkọ mi. Nígbà náà ni Bùrọ́dà Dáníẹ́lì gbé àga méjì wá síwájú gbogbo ọmọ, àga onítìmùtìmù tí àwọn àlejò pàtàkì ń jókòó lé. Wọ́n gbé mi sórí ọ̀kan. Wọ́n fa ọmọbìnrin afọ́jú kan, Fúnmiláyọ̀, ọmọ tíṣà kan, lọ́wọ́ wá sórí èkejì. "Àwọn wọ̀nyí," ni wọ́n wí, "kò sí nínú ẹ̀yà kankan. Gbogbo ẹ̀yà ló ni wọ́n. A ó máa gbààwẹ̀ fún wọn títí di agogo méjìlá lójoojúmọ́, títí Ọlọ́run yóò fi wò wọ́n sàn lọ́jọ́ Ìsinmi." Àwọn ọmọ pátẹ́wọ́. Wọn kò tíì mọ̀ pé àkàrà àárọ̀ wọn ni wọ́n ń pátẹ́wọ́ fún.

Ẹ fojú inú wo nǹkan náà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, bí iná bá ti ń jó ní ìdí ààrò, tí epo ń dún, tí òórùn àkàrà ń fẹ́ wá, Fúnmiláyọ̀ àti èmi yóò jókòó níwájú, ẹ̀yà méjèèjìlá yóò sì tò wá láti gbé ọwọ́ lé wa lórí. Mo mọ òórùn ọwọ́ gbogbo wọn: ọṣẹ, ọsàn, kẹrosíìnì, ẹja. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣì ń fi ìfẹ́ gbé ọwọ́ náà lé wa. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń fi í gbá wa lórí. Ọmọ kan láti inú ẹ̀yà Dánì tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Arọ, ṣé o ò lè tètè san ni? Ebi ń pa wá." Mo ní kó máa gbàdúrà, kó má fi ebi bú mi. Ó ní, "Nítorí ẹsẹ̀ ẹ la ò ṣe jẹ àkàrà, o tún ń fọ̀!" Mo dìde, mo tọ àwọn ọmọ Áṣérì lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ, wọ́n sì fún mi. Sísítà tí ó ń ṣe olórí wọn gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Padà síbi àga rẹ, ọmọ Ọlọ́run. Ìwọ sinmi." Mo ní mo mọ iṣu bẹ. Wọ́n ní, "Mo mọ̀, sinmi." Mo tọ àwọn ọmọ Léfì lọ nítorí agogo. Wọ́n ní kí n sinmi. Ọlọ́run mi, bí mo ṣe sinmi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò tíì sinmi tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi, ara sì ń ro mí bí ẹni tí ó ro oko. Ibi tí ó ń dùn mí jù ni pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá kórìíra mi ni, ǹ bá ti mọ ohun tí n óò ṣe.

Fúnmiláyọ̀ ni ó gbà mí lọ́wọ́ ẹkún. Ẹnu rẹ̀ mú. "Káyọ̀dé," ni ó ń bi mí bí ọwọ́ ṣe ń kọjá lórí wa, "ẹ̀yà wo ló kàn?" "Gáádì." "Ṣé ìdí ìlà ti súnmọ́?" "Rárá o." "Sọ fún wọn pé mo ti ríran, kí á lọ jẹun." Mo fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mi lẹ́nu. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sọ fún mi láìrẹ́rìn-ín pé òun mọ ohun tí òun máa ṣe bí wọ́n bá pe òun jáde lọ́la. "Mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "Bí mo bá dojú kọ fèrèsé, ó máa ń funfun. N óò sọ fún wọn pé mo rí i. Òótọ́ ni, àbí irọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. "Ìwọ ń kọ́?" Mo ní èmi gbàgbọ́. "Ó dáa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n di ọ̀pá rẹ mú."

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ilé ìjọsìn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn òbí wá láti abúlé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu ìdúpẹ́. Ìyá mi àti Ìyá Àgbà jókòó ní ìlà kẹta. Wọ́n kọ́kọ́ fa Fúnmiláyọ̀ jáde. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lójú, wọ́n ṣí i, ó dojú kọ fèrèsé, ó ní, "Mo rí ìmọ́lẹ̀, sà!" Ìjọ bú sẹ́kún ayọ̀, dùùrù bú jáde, bàbá rẹ̀ sì wólẹ̀. Ó kàn mí. "Káyọ̀dé, ṣé o gbàgbọ́?" "Mo gbàgbọ́, sà." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí: mo gbàgbọ́. Èmi náà gba ààwẹ̀ ọjọ́ márààrún, nítorí mo rò pé kò yẹ kí n jẹun nígbà tí àwọn yòókù kò jẹ. Bùrọ́dà Dáníẹ́lì gba ọ̀pá mi, wọ́n gbé e fún díákónì kan pé kí ó mú un lọ síta nítorí n kò ní lò ó mọ́. Wọ́n sún sẹ́yìn. "Máa bọ̀." Ní ilé, láìsí ọ̀pá, mo lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta láti ara ògiri dé ìdí ìkòkò omi, bí mo bá séèémí. Gbogbo ilé ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń kọrin sí i. Lọ́jọ́ náà, mo gbé mẹ́rin. Ní ìkẹrin, ariwo Halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Ní ìkarùn-ún, mo ṣubú, àgbọ̀n mi sì bá igi tí ó yí pẹpẹ ká. Mo gé ahọ́n mi jẹ. Mo ń wo ẹsẹ̀ bàtà Bùrọ́dà Dáníẹ́lì láti ilẹ̀, ó ń dán, mo sì ń retí kí wọ́n tẹ̀ba gbé mi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n gbé. Gbólóhùn náà nìyí, n kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀: "Ọlọ́run kò kùnà, ẹ̀yin ará, ẹnìkan ń bẹ nínú ilé tí ọmọ yìí ti wá tí kò jẹ́ kí ó rìn."

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá ní "ẹnìkan" nínú ilé kan, tí a kò dárúkọ, àgbàlagbà obìnrin ilé náà ni gbogbo ojú ń yí sí. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ni. Mo gbé orí sókè láti ilẹ̀, mo sì rí i bí ojú ṣe ń yí, láti ìlà kan sí ìkejì, títí wọ́n fi dé ara Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà dìde láàárín gbogbo ojú náà, wọ́n rìn jáde lọ gba ọ̀pá mi lọ́wọ́ díákónì, wọ́n padà wọlé, wọ́n fà mí dìde. Bàbá mi ṣì gbé igbá ọrẹ dání. Nígbà tí a délé, wọ́n gún iyán bí ìṣe wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́. Ìyá mi ń sunkún. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ń wo Ìyá Àgbà láti ẹ̀gbẹ́ ojú, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá Àgbà ni wọ́n ti ń bá a fọ aṣọ ọmọ láti ọjọ́ tí ó ti bímọ. Ìyá Àgbà bu òkèlè àkọ́kọ́. "Ẹ jẹun. Iyán kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà mú mi dání, a lọ bá Bùrọ́dà Dáníẹ́lì níbi tí wọ́n ti ń kó ẹní káǹpù. "Dáníẹ́lì, ṣé èmi ni ẹnìkan náà?" "Ìyá, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni mà." "Ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Ká ní ẹ dárúkọ ni, ẹni tí ẹ dárúkọ ì bá ti fèsì." "Ẹ̀mí ló sọ ọ́ mà." "Ẹ̀mí náà ló ní kí ẹ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀?" Bùrọ́dà Dáníẹ́lì wo aago ọwọ́ wọn. "Mo ní kí ẹ fún un níṣẹ́," ni Ìyá Àgbà wí, "ẹ ò fún un. Ẹ fi ọmọ mi ṣe iṣẹ́ tiyín." A padà sílé. Kò pé oṣù kan tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn wá, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, pé kí Ìyá má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu láti bá wọn dáná ìkórè lọ́dún náà. "Ẹ sinmi, mà." Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní káǹpù ni wọ́n wá ṣe fún ìyá bàbá mi. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n ti fi ń ro ọbẹ̀ ìkórè ìjọ náà.

Bàbá mi ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ girama fún mi kí káǹpù tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ya á, wọn kò sì kọ nǹkan kan sí i. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé, "Bó bá lọ síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa bi í pé ta ló dè é. Jẹ́ kó lọ síbi tí wọn ò mọ̀ ọ́n." Ibi tí wọn kò ti mọ̀ mí ni Igbona, ní Òṣogbo, lọ́dọ̀ aránṣọ kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi, níbi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí maṣíìnì, tí mo sì wà títí di òní. N kò sọ pé iṣẹ́ mi kò dára. Mo fi í kọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo ń sọ pé ẹlòmíràn ni ó yàn án fún mi, pẹ̀lú gbólóhùn kan. Ọdún kẹta tí mo dé Òṣogbo ni Ìyá Àgbà kú. Ẹgbẹ́ wọn, tí ó máa ń wọ funfun tẹ̀lé òkú ọmọ ẹgbẹ́ dé ibojì, kò jáde. Wọ́n ní òjò ń ṣú. Mo wo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ẹnìkan bá ń bẹ tí ó mọ òjò tí ń ṣú, èmi ni. Oòrùn ń ràn.

Mo ti pinnu pé n óò gbé e mì. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọlidé gígùn tí ó kọjá yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ìjọ wa ní Iléṣà ni ó rán òun. Tólú ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ń ṣe kòkáárí káǹpù báyìí. Ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù rẹ̀: wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ akàndá sí káǹpù, ogún wọn, wọ́n sì ti ṣe pátákó fún un. Àwòrán tí ó wà lórí pátákó náà ni Fúnmiláyọ̀ àti èmi, lórí àga onítìmùtìmù. Wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìjọ wa kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí sí i. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ máà bínú. Wọn ò sọ fún wa." Mo ní n óò wá jẹ́rìí, tayọ̀tayọ̀, bí Alàgbà Dáníẹ́lì bá kọ́kọ́ dìde tí wọ́n yí gbólóhùn wọn padà. Ó lọ. Ó fi fóònù pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú ń tì í: ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ní kí a má ṣe tú eruku tí ó ti sùn. Mo pe Fúnmiláyọ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ti di ìyá àwọn ọmọ tí wọ́n ti dàgbà. Ó ní òun yóò bá mi jẹ́rìí níbikíbi. "Sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni mo ń rí títí dòní, kò fi ìka kan lé e."

Nígbà náà ni Alàgbà Dáníẹ́lì fúnra wọn pè mí. Ohùn wọn ti gbọ̀n. "Káyọ̀dé, ọmọ mi. Wọ́n ní ò ń bínú sí mi." "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ń béèrè ni." "Àdúrà tí mo gbà fún ọ ló wá di ẹ̀ṣẹ̀? Ọjọ́ márùn-ún, omi lásán ni mo mu." "Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣeun. Èmi náà gbà á. Ti ìyá bàbá mi ń kọ́?" "Ọmọdé ni mí nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ojú ń tì mí níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣáà bọ́ lẹ́nu mi ni. Mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kó tán síbí." Ẹ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Ọkàn mi rọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí òkú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sin. "Sà," mo ní, "ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ fi sọ ọ́; fóònù lẹ fi ń bẹ̀ mí." "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n dìde lọ́jọ́ ogbó mi, kí àwọn ọmọ tí mo tọ́ nínú ìjọ máa wò mí bí òpùrọ́?" "Bí wọ́n ṣe wo ìyá bàbá mi, sà." Wọ́n pa fóònù.

Mo lọ sí káǹpù náà síbẹ̀síbẹ̀. N kò jẹ́rìí. Mo kàn lọ wò ó. Mo wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo, mo dúró ti ìdí igi kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo rí ọmọbìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ tí ó ń pín ẹran fún àwọn ọmọ bí ọlọ́bẹ̀ ọjà, tí ó ń jágbe mọ́ wọn: "Ẹyọ kan! Mo ní ẹyọ kan! Ìwọ, dá ìyẹn padà!" Mo rí ọmọ adití kan tí ó ń ju ọwọ́ sókè kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fa okùn lè fà á papọ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó síwájú. Inú mi dùn, mo fi Ọlọ́run búra. Inú sì bí mi débi pé mo ní láti fi ọwọ́ ti igi náà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n bá sì ti mọ èyí tí ó tọ́, wọ́n mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi ba orúkọ obìnrin kan jẹ́ kò tọ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń jẹ èso ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun kọ́?

Nítorí náà ni mo ṣe gbé ẹjọ́ náà wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ kò bá mi tan, tí ẹ kò sì bá Alàgbà Dáníẹ́lì tan. N kò ní kí ìjọ lé wọn. N kò ní kí wọ́n wólẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn orin ìdúpẹ́, kí wọ́n pe orúkọ Débórà, ìyá bàbá mi, kí wọ́n sì sọ fún ìjọ pé kò dè mí. Alàgbà ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀ ti tó, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó, ẹ̀san ló ń gbà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ pé àwọn tí wọ́n gbọ́ gbólóhùn náà lọ́jọ́ yẹn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lọ sin òkú méjì nínú wọn lọ́dún yìí nìkan. Bí wọ́n bá kú tán, kò ní sí ẹni tí a óò yí i padà fún mọ́. Ẹ ti gbọ́ tèmi, mo sì ti sọ tiwọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ dá a fún wa.